Ère sójà àti ọkọ̀ kékeré tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù yín, ẹ má tíì tà á

 Ẹ̀yin ará ilé wa, tí a bá dárúkọ sójà ní Zaria níbí, Dípò ló máa ń sọ síni lọ́kàn. Àmọ́ sójà mìíràn wà tí kò ga ju rúlà ilé ìwé lọ, tí àwọn òbí kan gbé wá láti ilé. Tí àgbà bá kú, tàbí tí ìdílé bá ń kó padà sílé, àwọn ọmọ á tà á fún ẹni tó ń ra àlòkù ní iye tí kò tó owó búrẹ́dì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́.

Thomas Ọnà Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó gbé Èkó, gbẹ́ irú rẹ̀ láyé ìjọba òyìnbó: sójà, ọlọ́pàá, lọ́yà, òyìnbó tó ń gun ẹṣin gbá pólò. Yíǹkì pupa àti dúdú àti ọ̀dà bàtà funfun ló fi ń kùn wọ́n. Orí wọn máa ń tóbi, bí ère Yorùbá àtijọ́. Àwọn tó ń rà á rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi òyìnbó ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n William Bascom láti Amẹ́ríkà bi í, ó ní bí òun ṣe rí wọn lòun ṣe gbẹ́ wọn.

Ti ọkọ̀ ńkọ́? Justus Akeredolu ti Ọ̀wọ̀ ló dá ère ẹ̀gún sílẹ̀ láàrin 1930 sí 1939. Ẹ̀gún ara igi bíi àràbà ni, ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Òmíràn funfun, òmíràn pọ́n díẹ̀, òmíràn dúdú, nítorí náà kò nílò ọ̀dà. Wọ́n á gbẹ́ àwọn atukọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ìrẹsì tí wọ́n sè di lẹ́ẹ̀ lẹ̀ wọ́n mọ́ inú ọkọ̀.

Lẹ́ẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ọyẹ́ Zaria máa ń gbẹ ẹ́, atukọ̀ á já bọ́. Ẹ má fomi fọ̀ ọ́, ẹ má fi fánísì kùn ún, ẹ má gbé e sójú oòrùn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku rẹ̀, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú gíláàsì. Bí fìlà tàbí àjẹ̀ bá já, ẹ fi sínú páálí ìṣáná, ẹ má dà á nù.

Oníṣòwò ni mí, mo mọ̀ pé ọjà tí kò nítàn kì í pa owó. Àwọn míì kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́yìn Akeredolu, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ère ẹ̀gún ló jẹ́ tirẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà nísinsìnyí: ta ló rà á, níbo, ọdún wo? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ya wákàtí kan sọ́tọ̀ nípàdé oṣù, kẹ́ni tó bá ní mú tirẹ̀ wá, kí akọ̀wé kọ ọ́, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ tà á lẹ́yìn ìyẹn, kó tà á. Á kúkú mọ ohun tó ń tà.