Alùpùpù Tí Kì Í Dún Lùpùlùpù

Kò sí ẹni tí ó pe ìpàdé kí Yorùbá tó sọ ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ń mu epo ní alùpùpù. Ohùn rẹ̀ ni àwọn àgbà gbọ́, ohùn náà ni wọ́n sì fi pè é. Ẹni tí ó bá dàgbà ní ìlú wa kí ọ̀kadà tó gba ìgboro kan yóò rántí: lùpù-lùpù-lùpù láti ọ̀nà jíjìn, àwọn ọmọdé á ti tú síta, kí olùkọ́ àgbà tàbí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tí ó gùn ún tó yọ ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú eruku lẹ́yìn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní Lokogoma, ní ìhà gúúsù ìlú Àbújá, akọ̀wé yín yìí gun ọ̀kan tí kò dún bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí a tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń jí i, ìkùn kan ni a gbọ́, ohùn tí ó wà nísàlẹ̀ bí ohùn àgbàlagbà tí a jí lójú oorun tí kò tíì pinnu bóyá òun yóò bínú. Hayabusa ni orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Suzuki ní ilẹ̀ Jàpáànì ni ó ṣe é, ìran kẹta tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2021 ni èyí tí a ń wí yìí, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní páwà-báìkì.

Ẹni tí ó ni ín jẹ́ ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Èkìtì, tí ó ti ń gbé Àbújá láti ìgbà tí olú ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Èkó ní oṣù Disemba 1991. Kò rà á láti fi ṣe fáàrí nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò lè sọ pé fáàrí kò sí níbẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí òun gùn ún lọ sílé ní òpin ọdún, kí òun gba Lọ́kọ́ja àti Kàbà, kí òun sì wọ ìlú òun ní ọ̀sán gangan. Ìyàwó rẹ̀ kò gbà. Ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí wọ́n ń jẹ mọ́ oúnjẹ nínú ilé náà fún oṣù méjì kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí.

“Àbúrò,” ni ẹ̀gbọ́n wí, “ìwọ ni o mọ alùpùpù gùn láti kékeré. Gbé e jáde, gùn ún wò, kí o wá sọ fún mi bí ó bá lè gbé mi délé.”

Ìyàwó rẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ láti inú àpò aṣọ rẹ̀, ó nà án sí mi. “Ẹ jọ̀wọ́,” ni ó wí, “ẹ má tìtorí pé ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n, kí ẹ wá fi òótọ́ pamọ́ fún wọn.”

Kí a tó gbéra, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ibi tí ẹ̀rọ náà ti wá, nítorí ìtàn rẹ̀ kò jìnnà sí wa tó bí ènìyàn ṣe lè rò. Michio Suzuki tí ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Hamamatsu ní ọdún 1909 kì í ṣe onímọ́tò. Òfì ni ó ń ṣe, àní ẹ̀rọ tí a fi ń hun aṣọ. Ará Ìsẹ́yìn yóò mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ó di ọdún 1952 kí wọ́n tó so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ kẹ̀kẹ́ lásán, 36cc péré. Láti orí 36 yẹn ni wọ́n ti gòkè dé 1,340cc tí ó wà nínú èyí tí mo gùn.

Hayabusa ni àwọn ará Jàpáànì ń pe irú àṣá kan tí ó máa ń já ṣòòrò láti ojú ọ̀run lu ẹyẹ mìíràn, tí eré rẹ̀ nígbà náà sì máa ń ju 300 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Àwọn ẹyẹ dúdú kan wà lára oúnjẹ rẹ̀. Ní ọdún 1996, ilé iṣẹ́ Honda ti gbé alùpùpù eléré kan jáde tí wọ́n sọ ní Super Blackbird, èyí tí í ṣe ẹyẹ dúdú. Nígbà tí Suzuki wá gbé Hayabusa jáde ní ọdún 1999, ẹni tí ó gbọ́ òwe mọ ẹni tí wọ́n ń pa á fún. Yorùbá nìkan kọ́ ni ó mọ orúkọ sọ. Eré ẹ̀rọ tuntun náà ré kọjá 300, àwọn aláṣẹ ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, àwọn ilé iṣẹ́ alùpùpù sì fẹnu kò láàrin ara wọn pé kí wọ́n dá eré dúró sí 299. Títí di òní, ibẹ̀ ni wọ́n so àṣá náà mọ́.

Ọ̀kadà oní-100cc tí ó ń gbé wa kiri ní agbára ẹṣin mẹ́jọ tàbí díẹ̀ lé. Ti èyí jẹ́ 190. Ẹ fojú inú wò ó: 190 ẹṣin, kí ènìyàn kan ṣoṣo sì di gbogbo ìjánu wọn mú lẹ́ẹ̀kan náà. N kò rò pé ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́ kankan dán irú rẹ̀ wò. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kìlò 264, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti ọ̀kadà lọ. Bí ènìyàn bá jẹ́ kí ó dẹ̀gbẹ́ jù níbi tí ó dúró sí, àfi kí ó ké sí aládùúgbò.

Mo dé akoto. Àwọn tí ó bá rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára mú òfin akoto ṣẹ, yóò rántí àwọn ọlọ́kadà tí ó dé igbá sórí láti fi tan òfin jẹ. Ayé fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa mọ̀ pé akoto àti igbá kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Èyí tí ẹ̀gbọ́n yá mi wúwo bí ìkòkò, ó sì fún mi létí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò gbọ́ ohun tí àwọn ọlọ́kadà ẹnu géètì ń wí títí tí mo fi ṣí ojú rẹ̀ sókè. Láti ọdún 2006 ni ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò ní àárín ìlú Àbújá, nítorí náà inú àwọn àdúgbò ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Mo rò pé wọn yóò béèrè iye tí wọ́n rà á. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn béèrè lọ́wọ́ mi ní èdè Hausa pé lítà mélòó ni ó ń mu. Mo ní ogún lítà ni inú táńkì rẹ̀ ń gbà, ó sì lè rin nǹkan bí 300 kìlómítà pẹ̀lú rẹ̀. Ọkùnrin náà mi orí, ó yí ojú padà sí ọ̀kadà tirẹ̀ bí ẹni tí ó rántí oore. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, irú ìbéèrè yẹn ni ó kù láti béèrè.

Ilẹ̀ àwọn Gbàgyí ni Lokogoma kí òfin ọdún 1976 tó sọ gbogbo agbègbè yìí di ti olú ìlú. Lónìí, ẹ́sítéètì lórí ẹ́sítéètì ni. Ọ̀nà tí ó so wọ́n pọ̀ kò ní ìwà kan pàtó: títì ọlọ́dà tí ó dán yóò lọ díẹ̀, yanrìn tí àgbàrá gbé wá yóò tẹ̀ lé e, òkìtì tí wọ́n fi ń dín eré kù yóò sì yọ láìsí àmì. Ibí yìí ni mo ti rò pé ìyà yóò jẹ mí, ibẹ̀ gan-an ni ẹnu sì yà mí. Ẹ̀gbọ́n ti yí i sí C. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà mú agbára rẹ̀, A, B àti C. C ni èyí tí ó tutù jù. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ rọ̀, jíà rẹ̀ ń wọlé bí ìgbà tí a ti ilẹ̀kùn olówó. Kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀ ń ṣọ́ táyà, bí ti ẹ̀yìn bá fẹ́ yọ̀ lórí yanrìn, yóò ti dín agbára kù kí ẹni tí ó gùn ún tó mọ̀. Aago méjì ńlá, ti eré àti ti ẹ̀rọ, wà níwájú mi pẹ̀lú ọwọ́ tí ń yí, bí ti àtijọ́, èyí sì dùn mọ́ mi nínú.

Bí a ṣe ń tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀ kò bá ẹ̀yìn tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún mu. Ìwúwo ara a máa wá sí ọrùn ọwọ́. Gbogbo ẹ̀rọ ńlá báyìí a sì máa gbóná bí kò bá rí atẹ́gùn. Láàrin Lokogoma sí Galadimawa, itan mi ti ń rò pé òun wà nídìí ààrò.

Títì pápá ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n ń fi orúkọ Umaru Musa Yar’Adua pè, ni ìlẹ̀kùn ti ṣí. Ní òwúrọ̀ Àìkú, ibẹ̀ gbọọrọ, ó sì dá. Mo yí ọwọ́ díẹ̀. N kò mọ bí n óò ṣe sọ ọ́ fún ẹni tí kò gun irú rẹ̀ rí. Kò ta kìjí, kò kígbe. Ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ ni wọ́n fà sẹ́yìn lábẹ́ wa. Jíà kìíní nìkan tó láti ré kọjá 100. Atẹ́gùn tí ó yẹ kí ó gbá mi láyà ń gba orí mi kọjá, nítorí bí wọ́n ṣe gbẹ́ iwájú rẹ̀ bí àyà ẹyẹ. Ara mi balẹ̀, ìtura sì wọ inú egungun mi. Aago ka 120 lẹ́ẹ̀kan, mo rí i, ojú tì mí, mo sì dá a padà sí 100, iye tí òfin gbà fún ọkọ̀ kékeré lórí irú títì bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ni pé 100 náà dà bí ìrìn ẹsẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ Lugbe, obìnrin kan tí ó wọ aṣọ funfun ìjọ dúró létí títì, ó fa ọmọ lọ́wọ́. Ó wo ọ̀nà. Mo rí i pé ó rí mi. Ó ṣírò ohun tí ó rí, ó sì fẹsẹ̀ lé títì.

Mo ti ronú lórí ìṣirò obìnrin yẹn ju ohunkóhun tí ó wà lára ẹ̀rọ náà lọ. Kò ṣì í. Alùpùpù ni ó rí, alùpùpù tí ó sì mọ̀ láti ọjọ́ tí ó ti dáyé kì í sáré ju 50 tàbí 60 lọ. Bí irú èyí bá wà ní ọgọ́rùn-ún mítà sí ọ, ìṣẹ́jú àáyá méje ni yóò lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ bí ó bá ń sá 50; ìyá àti ọmọ yóò ti kọjá. Èmi ń bọ̀ ní 100: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àti ààbọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé 299 ni mo fi ń bọ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀ ni. Kò sì sí lùpù-lùpù tí yóò ṣáájú mi láti kìlọ̀ fún un. Ìkùn àgbàlagbà yẹn ti bá atẹ́gùn lọ sẹ́yìn mi.

Ọkùnrin tí ó ń ronú ohun tí yóò ṣe fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré lórí 100 ti rin mítà 28 nínú ìrònú. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ ìjánu. Ibí yìí ni kí a ti yin àwọn tí ó ṣe é: iwájú rẹ̀ tẹrí ba, ìjánu náà ń lù kì-kì-kì lábẹ́ ìka mi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń dì í tí ó sì ń tú u kí táyà má baà yọ̀, a sì dúró ṣánṣán láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Àyè tí ó kù kò ju kí mọ́tò mẹ́ta tò sí i. Obìnrin náà kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ọmọ náà ni ó juwọ́ sí mi.

Mo yí padà níbẹ̀. N kò dé pápá ọkọ̀ òfuurufú.

Nígbà tí mo dé ilé, àwọn méjèèjì ti jókòó síta, mo sì rò ó fún wọn bí ó ti rí. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Máídúgúrì, ẹ mọ ọ̀nà ilé ní Disemba. Ẹ mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń pọ̀ lórí afárá Murtala Muhammed kí a tó wọ Lọ́kọ́ja, àti bí àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ṣe máa ń jáde ní Ọ̀bájànà. Láti Ọ̀bájànà sí Kàbà, 43 kìlómítà tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, ọ̀nà náà dára, dídára rẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ fún irú ẹ̀rọ yìí. Lẹ́yìn Kàbà, abúlé ni, ọjà ẹ̀gbẹ́ títì ni, ọmọdé ni.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí, “yóò gbé yín délé, kò sí iyè méjì níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà mọ ọ̀nà. Àwọn tí ó wà lójú ọ̀nà ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá wọ ìlú, àwọn ọmọ kò ní gbọ́ yín kí ẹ tó dé.”

“Ṣé kí n wá máa fọn fèrè lọ ni?” ni ẹ̀gbọ́n wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Mo ní kì í ṣe Disemba. Oṣù Fẹ́búárì, tí èrò ti padà tán. Kí ó gbéra ní ìdájí, kí ó sùn ní Lọ́kọ́ja, kí aago má ka 80 láti Kàbà lọ, kí ó sì fi jíà kìíní wọ ìlú. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò ra ẹṣin 190 láti máa fi rìn bí ìgbín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i.

Ìyàwó rẹ̀ kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti dé. “Ọmọ Lugbe yẹn,” ni ó wí, “ó tó ọmọ ọdún mélòó?”

Mo ní yóò tó mẹ́rin.

Ó na ọwọ́, mo gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé e, ó sì dá a padà sínú àpò aṣọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó mú aṣọ ìnulẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ó sì ń nu eruku Lokogoma kúrò lára rẹ̀. Ó ní bí ó bá máa jẹ́ Fẹ́búárì, kí n má gbàgbé láti bá òun wá akoto mìíràn, nítorí ìyàwó òun náà yóò gùn ún lẹ́yìn òun.