Ẹ̀yin DJ òde: Kẹ́ ẹ tó ra laptop, ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì rẹ̀

Ó ṣojú mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, níbi ìnáwó kan ní Surulere. Màmá tí wọ́n ń ṣe ọjọ́ìbí fún ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sójú agbo ni, àwọn ọmọ yí wọn ká, wọ́n ti ń ná wọn lówó, ni NẸ́PÀ bá mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ò pẹ́ tó fi dáhùn, kò tó ìṣẹ́jú kan. Gílóòbù tàn, sípíkà jí, ṣùgbọ́n orin ò wá. Laptop DJ ti kú pátápátá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí bọ̀. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún la fi ń wo ojú ara wa. Nígbà tí orin máa fi padà, màmá ti lọ jókòó. Wọn ò san ìyókù owó DJ lọ́jọ́ náà.

Ká sọ òótọ́, DJ yẹn kì í ṣe òpè. Ó mọ orin, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó ti jùjú bọ́ sí fújì. Bátìrì ló dà á.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ DJ òde ní Mushin, Yábàá àti Surulere máa ń bi wá pé: laptop wo lèèyàn lè rà tí kò ní dójú tini? Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Láti orí àwo dé orí laptop

Tẹ́lẹ̀, àwo rékọ́ọ̀dù ni àwọn DJ ń kó kiri, lẹ́yìn náà ló kan CD. Ọdún 2004 ni Serato gbé Scratch Live jáde, tó jẹ́ kí DJ lè máa fi àwo darí orin tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Díẹ̀díẹ̀ ni laptop fi di àpótí orin. Lónìí, Serato DJ, Virtual DJ àti rekordbox wà lára àwọn sọ́fítíwià tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ jù. Èyí tó wù kẹ́ ẹ lò, tí laptop bá ti kú, òde ti kú nìyẹn.

Kí ló dé tó jẹ́ bátìrì ló ṣáájú?

Níbi tí iná kì í ti í lọ, èèyàn lè kọ́kọ́ béèrè bí kọ̀ǹpútà ṣe yára tó. Ní tiwa níbí, bátìrì laptop ló ń dì í mú láàárín ìgbà tí NẸ́PÀ lọ àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ dé. Sípíkà ò ní ìṣòro, iná dé, ó jí. Laptop ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ tan Windows, kó ṣí sọ́fítíwià, kó tó wá orin rí.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ bátìrì tó ti gbó rèé: ẹ ṣí Command Prompt, kẹ́ ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Laptop á kọ ìròyìn kan, á sì sọ ibi tó fi í pamọ́ sí. Ẹ wá nọ́ńbà méjì níbẹ̀: Design Capacity, ìyẹn agbára tó ní nígbà tó wà ní tuntun, àti Full Charge Capacity, ìyẹn èyí tó kù. Tí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000 tí èkejì sì jẹ́ 20,000, ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá péré ló kù. Ẹ tún yọ ṣájà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí orin máa lọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tó bá ti 100 já sí 70, kò lè lo wákàtí méjì.

Kí ló ń mú kí orin máa já?

Ẹ rántí alákàrà ìdájí. Bí àkàrà bá ń jáde nínú epo bí oníbàárà ṣe ń nawọ́, kò sí wàhálà. Tí ẹnì kan bá pè é sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú kan, abọ́ á ṣófo, ariwo á bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni laptop. Orin tó bá jẹ́ irú ti CD ní ẹyọ ohùn 44,100 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Sọ́fítíwià ń dín in ní abọ́ kéékèèké. Tí abọ́ bá gba ẹyọ 256, mílísẹ́kọ́ńdì 6 péré ni laptop ní láti fi sè é jinná. Tí Wi-Fi tàbí update Windows bá pè é sẹ́yìn nígbà yẹn, abọ́ á ṣófo: òun ni "ta-ta-ta" tẹ́ ẹ ń gbọ́ nínú sípíkà.

Ìdí nìyí tí laptop olówó ńlá náà fi lè já orin. Ohun tí DJ ń wá ni èyí tí kì í ṣe ségesège. Sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ LatencyMon. Tẹ́ ẹ bá tan án, á sọ fún yín bóyá laptop yẹn lè gbé ohùn láìsí ìdíwọ́.

Nọ́ńbà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀

RAM: GB 8 ni kó kéré jù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa yọ ohùn olórin kúrò lára ìlù, èyí tí wọ́n ń pè ní Stems, ẹ wá GB 16.

Ibi ìkórinsí: SSD ni o. Hard disk àtijọ́ ní àwo tó ń yí nínú, bass tó ń mi tábìlì sì lè dà á láàmú. Orin MP3 oníṣẹ́jú mẹ́rin tó dáa máa ń tó MB 10, torí náà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá orin á gba bíi GB 100. SSD GB 256 á gbà á, àyè á sì kù.

Ọpọlọ rẹ̀: ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5 tàbí i7. Nínú i5-6300U, 6 yẹn ni ìran rẹ̀. I5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ. Láti ìran kẹjọ lọ sókè ni Windows 11 ti ń gba Intel, Microsoft sì ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró láti 14 October 2025. Ọ̀pọ̀ ThinkPad T480 àti HP EliteBook 840 G5 ló jẹ́ ìran kẹjọ. T480 tiẹ̀ lè ní bátìrì méjì, ẹ sì lè yọ ti ẹ̀yìn pààrọ̀.

Mac ńkọ́? MacBook Air M1 tó jáde lọ́dún 2020 kò ní fáànù, bátìrì rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Àmọ́ ihò USB-C méjì péré ló ní, ẹ máa nílò hub. RAM rẹ̀ náà ò ṣeé fi kún, iye tẹ́ ẹ bá rà lẹ máa lò.

Tẹ́ ẹ bá dé Computer Village

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa rà ní Ìkẹjà, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ gbé controller, headphone àti flash tí orin wà nínú ẹ̀ dání. Ẹ so gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn níṣojú ẹni tó ń tà á. Ẹ mi wáyà USB díẹ̀. Tí controller bá ń já, ihò yẹn ti jẹ. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn, kẹ́ ẹ wọ BIOS: tó bá béèrè password tí wọn ò mọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ Mac, ẹ rí i pé àkáǹtì ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti kúrò lórí rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà laptop wà lára ẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ní láti dá a padà.

Tówó ò bá tó ńkọ́? Lórí T480 tàbí 840 G5, bátìrì, SSD àti RAM ṣeé pààrọ̀ tó bá yá. Ọpọlọ rẹ̀ ni kò ṣeé pààrọ̀. Nítorí náà, ẹ ra ọpọlọ tó dáa, kẹ́ ẹ sì ka owó bátìrì tuntun mọ́ owó laptop. Ẹ má gbé e ròde kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ bátìrì yẹn.

Lọ́jọ́ òde

Ẹ pa Wi-Fi, ẹ dá update dúró, ẹ so ṣájà mọ́ stabilizer. Ẹ má gbé laptop síbi tí oòrùn ti ń wọ abẹ́ kánópì. Kẹ́ ẹ sì ní orin bíi wákàtí kan lórí fóònù pẹ̀lú wáyà tó máa so ó mọ́ mixer. Wáyà yẹn nìkan ì bá dá màmá Surulere yẹn dúró lójú agbo.

Àwọn àgbà ló ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò nílé: ẹ pa iná, kẹ́ ẹ tẹ́tí. Tí orin ò bá dákẹ́, ẹ lè gba owó àsansílẹ̀.