Ẹ̀rọ Tó Ń Gbóòórùn Àdó Olóró: Èwo Ni Òótọ́, Èwo Ni Jìbìtì?

Wọ́n kọ́ gbogbo wa nílé ìwé pé ike kì í gbé iná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi rọ́bà bo wáyà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1977, Hideki Shirakawa láti Japan, pẹ̀lú Alan MacDiarmid àti Alan Heeger ní Amẹ́ríkà, fi han ayé pé irú ike kan wà tó jẹ́ pé, tí èéfín áyódíìnì bá wọ̀ ọ́ lára, iná á máa gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé irin ni. Lọ́dún 2000, wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yẹn.

Ibi tí iṣẹ́ náà dé lẹ́yìn ìgbà náà ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé, torí ó kan ẹ̀mí èèyàn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní MIT, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Timothy Swager. Ìbátan ike yẹn lòun náà ń ṣiṣẹ́ lé lórí, àmọ́ tiẹ̀ máa ń tàn ni. Fọ́nrán gígùn tí ojú lásán ò lè rí ló para pọ̀ di ike náà. Tí wọ́n bá tan irú ìmọ́lẹ̀ kan sí i, agbára á máa sáré lórí fọ́nrán, ike á sì máa tàn yòò. Ẹ jẹ́ kí ẹyọ TNT kan ṣoṣo, ìyẹn èròjà tí wọ́n fi ń ṣe àdó olóró, bà lé fọ́nrán náà: á gba agbára tó ń kọjá lọ, gbogbo ibẹ̀ á sì ṣú. Ẹ wò ó bí iná àdúgbò. Wáyà já níbì kan péré, gbogbo ilé tó wà lórí ẹ̀ wọ òkùnkùn. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí òórùn tí imú wa ò lè gbọ́ fi ń han ẹ̀rọ.

Inú ìwádìí yìí ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Fido ti jáde. Orúkọ tí àwọn òyìnbó máa ń sọ ajá ni. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò ó ní Iraq àti Afghanistan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ní ààlà: òórùn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀, TNT àtàwọn èròjà tó bá a tan ló sì mọ̀ dunjú.

Ní Iraq yẹn kan náà, ẹ̀rọ mìíràn wà tí kò ní ààlà rárá, ADE 651. James McCormick, oníṣòwò ọmọ Ìlú Ọba, ló ń tà á. Ọwọ́ ike tí wọ́n fi irin bí eriali sí, kò ní bátìrì, kò sí nǹkan kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ní á rí àdó olóró, á rí oògùn olóró, á rí eyín erin, á tún rí owó bébà, láti ọ̀nà jíjìn! Ohun tí wọ́n ń tà fáwọn tó ń wá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù tó sọnù ló ti mú un, tí ọ̀kan ò tó $20. Ó ta àwọn kan ní nǹkan bí $40,000. Òun làwọn ọlọ́pàá dì mú lẹ́nu ibodè àyẹ̀wò ní Baghdad. Ní October 2009, àdó olóró inú ọkọ̀ pa èèyàn tó lé ní 100 lọ́jọ́ kan ṣoṣo nílùú yẹn.

Ọdún 2013 ni ilé ẹjọ́ London rán McCormick lẹ́wọ̀n ọdún 10. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ó bá a lóòótọ́. Àmọ́ òtítọ́ kì í jí òkú.

Òfin tí mo kà nílé ìwé ní ọ̀rọ̀ kan lórí èyí. Abala 131 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 nílẹ̀ wa sọ ọ́ ní ṣókí: ẹni tó bá ní nǹkan rí bẹ́ẹ̀, òun ni kó mú ẹ̀rí wá. Kì í ṣe ẹni tó ń ṣiyèméjì. Ká ní wọ́n ti bi McCormick bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó sanwó ni, ṣé owó yẹn á jáde?

Ẹ má sì rò pé Iraq nìkan lọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ mọ àwọn tó ń gbé kọ̀ǹpútà kékeré kiri, tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ di irin kan mú, pé láàárín ìṣẹ́jú kan àwọn á ka gbogbo àìsàn ara yín, látorí ẹ̀dọ̀ dórí ojú. Ẹ̀rọ tó mọ ohun gbogbo, ẹ fura sí i. Ẹ béèrè: kí ló ń wá gan-an? Kí ni kò lè rí? Ta ló dán an wò tí kì í ṣe ẹni tó ń tà á?

Ìdánwò ọ̀hún ò le. Ẹ fi ohun náà sínú ọ̀kan nínú àpótí mẹ́wàá, kí ẹni tó di ẹ̀rọ mú má mọ èyí tó wà. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ àpótí, kẹ́ ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ̀rọ tòótọ́ á máa tọ́ka síbi tó yẹ. Oníjìbìtì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàwáwí.