Ìda Tó Ń Ṣọ́ Bodè Ẹ́ńjìnnì

Iná tó ń jó nínú sìlíńdà ọkọ̀ lè gbóná ju 2,000°C lọ, bẹ́ẹ̀ irin tí wọ́n fi rọ ẹ́ńjìnnì yóò ti yọ́ kí ooru tó dé ibẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára inú epo pẹtiróòlù ló ń di ooru tí omi gbọ́dọ̀ gbé kúrò.

Pọ́ǹpù ló ń ti omi yìí gba inú àwọn ihò tó yí sìlíńdà ká. Omi á kó ooru, á gba họ́ọ̀sì òkè bọ́ sí rédíétọ̀, níbi tí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ àti ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ń jẹ́ kí atẹ́gùn tù ú. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà tó o. Bó bá dúró, àfi fáànù. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí fáànù rẹ̀ ti kú fi lè ti Ìgándò dé Ìyànà-Ìbà láìṣe nǹkan kan, kó wá máa hó nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìkòtún.

Ìdérí rédíétọ̀ ń há omi náà mọ́ inú, kó má baà tètè hó. Lábẹ́ irú ìhámọ́ yìí, omi lè dé nǹkan bí 120°C kó tó hó. Ẹni tó bá ṣí ìdérí nígbà tó ṣì gbóná, omi yóò tú sí i lójú, yóò sì bó o.

Láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀ ni oníbodè kékeré kan wà, tẹ́mósítáàtì. Ìda ló wà nínú ife irin rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, ilẹ̀kùn rẹ̀ á wà ní títì, omi á máa yí inú ẹ́ńjìnnì nìkan kó lè tètè gbóná. Bí omi bá tó nǹkan bí 82 sí 90°C, ìda á yọ́, á wú, á ti ilẹ̀kùn ṣí. Bí omi bá tún tutù, sípíríǹgì á dá a padà.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ní Ẹgbẹ́dá àti káàkiri Èkó máa ń yọ tẹ́mósítáàtì dànù, wọ́n ní ilẹ̀ olótùútù ló wà fún. Àmọ́ oòrùn Èkó kò ju nǹkan bí 30°C sí 35°C lọ, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ nǹkan bí 90°C kó tó ṣiṣẹ́ ire. Èyí tí kò gbóná tó yóò máa jẹ epo, ọ́ìlì rẹ̀ yóò dọ̀tí, àwọn irin inú rẹ̀ yóò sì tètè jẹ. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, tẹ́mósítáàtì yìí kan náà ló ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi ń gbà yí inú ẹ́ńjìnnì nìkan, nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí. Bí wọ́n bá yọ ọ́, apá kan omi kò ní dé rédíétọ̀ rárá.

Lóòótọ́, tẹ́mósítáàtì lè bàjẹ́. Bó bá há ní títì, ẹ́ńjìnnì á gbóná jù, gásíkẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀ sì lè jó. Bó bá há ní ṣíṣí, ọ̀pá tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì kò ní gòkè tó bó ṣe yẹ. Ìdánwò rẹ̀ kò le: kí wọ́n fi okùn so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná. Èyí tó dára yóò ṣí kí omi tó hó; èyí tí kò bá ṣí, kí wọ́n ra tuntun rọ́pò rẹ̀.