Ọgbọ́n Àká: Bí Àwọn Ẹranko Ṣe Ń Múra De Ìgbà Ọ̀wọ́n

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dá Ifá ọrọọrún. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ fi Jos àti agbègbè rẹ̀ ṣe ibùgbé, ojú ọjọ́ ilẹ̀ yìí ti fi òtítọ́ òwe náà hàn yín. Orí òkè ni ìlú Jos wà, ó fi nǹkan bí mítà 1,200 ga ju òkun lọ. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, òjò a máa rọ̀, koríko a tutù yọ̀yọ̀, àgbàdo, acha àti ànàmọ́ òyìnbó a sì gba oko kan. Ṣùgbọ́n bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, òjò a dá, ọyẹ́ a gbé ẹ̀rù eruku rẹ̀ dé, òtútù òru a sì lè mú títí dé nǹkan bí ìwọ̀n 11 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àwa ènìyàn a ró aṣọ òtútù, a sì gba ọjà lọ. Àwọn ẹranko tí kò ní aṣọ, tí kò sì ní ọjà, báwo ni wọ́n ṣe ń rí ara gbé e di ìgbà òjò mìíràn?

Ìbéèrè yìí ti gba ọkàn àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ òyìnbó, níbi tí òtútù ti le ju tiwa lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú wà lára àwọn tí wọ́n fi ojú sí jù. Àríwá Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ní ọdún 1876 ni a tú u sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì ń rí i nínú ọgbà ìgbafẹ́ títí di òní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni ó ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù títí dé òpin rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí ewé bá ń wọ́, a jẹun títí ọ̀rá yóò fi bo ara rẹ̀, irun rẹ̀ a sì ki sí i. Bí yìnyín bá wá bo ilẹ̀, a ká ìrù mọ́ ara nínú ìtẹ́ ewé tàbí nínú ihò igi, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án láti wú èso tí ó ti rì mọ́lẹ̀ ṣáájú.

Kì í kó gbogbo ohun ìní rẹ̀ sí ojú kan. Èso kan, ihò kan, ni ìṣe rẹ̀. Bí olè bá rí ọ̀kan, èyí tí ó kù kò ní í ṣe é ka. Ní ọdún 1991, Lucia Jacobs àti Emily Liman gbé ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé ọ̀kẹ́rẹ́ yìí a máa rántí ibi tí òun fúnra rẹ̀ ri èso sí. Kì í ṣe imú nìkan ni ó fi ń wá a. Èyí tí ó bá sì gbàgbé a hù, a di igi, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ a sì rí èso jẹ lórí rẹ̀.

Ọgbọ́n rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Igi óákù tí ó wà ní Amẹ́ríkà pín sí ọ̀nà méjì pàtàkì: funfun àti pupa. Èso ti funfun a máa hù kété tí ó bá ti bọ́ sílẹ̀, kò sì ṣe é tọ́jú pẹ́. Ti pupa a máa dúró títí òtútù yóò fi kọjá kí ó tó hù. Ọ̀kẹ́rẹ́ a jẹ ti funfun lójú ẹsẹ̀, a sì ri ti pupa mọ́lẹ̀. Bí ó bá sì ṣe pé ti funfun ni ó fẹ́ tọ́jú, a kọ́kọ́ fi eyín gé ibi tí ọ̀mùnú yóò ti yọ dànù. Òfin rẹ̀ kò ju èyí lọ: ohun tí yóò tètè bàjẹ́ ni kí á kọ́kọ́ jẹ, ohun tí yóò pẹ́ ni kí á fi pamọ́.

Ìbátan rẹ̀ kan tí ń gbé inú ilẹ̀ ní Alaska yan ọ̀nà mìíràn. Òun ní tirẹ̀ a máa sùn tó oṣù méje tàbí mẹ́jọ, ara rẹ̀ a sì lè tutù ju ibi tí omi ti ń di yìnyín lọ. Ọ̀rá ara rẹ̀ ni àká rẹ̀. Síbẹ̀, akọ wọn a tún kó oúnjẹ sínú ihò, kí ó lè rí nǹkan fi sẹ́nu nígbà tí ó bá jí, tí koríko kò tíì hù.

Nílé wa níhìn-ín, yìnyín kò sí, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n oúnjẹ wà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni òtútù tiwa. Ikún, tí àwọn Hausa ń pè ní kurege, kì í sùn la ẹ̀ẹ̀rùn já. Ọ̀sán ni ó ń jẹ̀; bí alẹ́ bá lẹ́, a wọ ihò rẹ̀ lọ. R. F. Ewer, onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Ghana ní Legon, kọ̀wé ní ọdún 1965 lórí bí ikún ṣe ń ri oúnjẹ mọ́lẹ̀: a gbẹ́ ilẹ̀, a ti oúnjẹ bọ̀ ọ́, a sì wa erùpẹ̀ bò ó, gẹ́gẹ́ bí ìbátan rẹ̀ ní òkè òkun. Àgbẹ̀ kò nílò ìwé kí ó tó mọ̀ pé imú ikún mú. Ẹ̀pà àti àgbàdo tí a gbìn lánàá, ikún a hú u jẹ lónìí.

Ní ti òkété, tí àwọn Hausa ń pè ní gafiya, òun gan-an ni ọba alákàá. Òru ni ó ń rìn. Ó ní àpò nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. A kó ekùrọ́, ẹ̀pà tàbí ọkà sí i títí ẹnu rẹ̀ yóò fi wú, a sì sáré lọ tú u sílé. Ihò rẹ̀ ní yàrá fún oorun àti yàrá fún oúnjẹ. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, láàárín ọdún 1970 sí 1980, S. S. Ajayi ṣe iṣẹ́ ńlá lórí bí a ṣe lè máa sin òkété nínú ilé bí ẹran ọ̀sìn. Ohun kan tí ó ya ẹni tí ó bá sìn ín lẹ́nu ni pé kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó ń kó: owó wẹ́wẹ́ àti ìdérí ìgò pàápàá a máa bá a dé inú àká. Kíkó pamọ́ ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀.

Ǹjẹ́ ọ̀kánjúà ni èyí bí? Rárá o. Ẹranko tí kò tọ́jú nǹkan sílẹ̀, tí kò sì lè sùn la ìyàn já, tí kò lè ṣí lọ sí ilẹ̀ mìíràn bí ẹyẹ, ikú ni yóò bá pàdé. Àwọn àgbẹ̀ orí òkè Jos mọ èyí tipẹ́. Ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n ń wà ní Bokkos àti Mangu kì í pẹ́ kí ó tó rà, nítorí náà wọ́n a tètè tà á. Acha ní tirẹ̀, kòkòrò kì í sáábà jà á. Ó lè wà nínú àká amọ̀ fún ọdún púpọ̀. Àwọn bàbá wa ní ilẹ̀ Yorùbá náà a máa so àgbàdo kọ́ òkè àdìrò kí èéfín lè lé kòkòrò sá. Òfin ọ̀kẹ́rẹ́ àti òfin àgbẹ̀ kò yàtọ̀.

Àwa tí a ń gba owó oṣù, tí a ń fi mudu ra oúnjẹ, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹ̀wà àti ọkà a máa pọ̀ lọ́jà lẹ́yìn ìkórè, wọ́n a sì wọ́n gógó ní àárín òjò, nígbà tí oko kò tíì gbó. Ẹni tí ó bá lè ra àpò kan nígbà ọ̀pọ̀ yóò sinmi nígbà ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n kòkòrò ẹ̀wà wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì ti mú kí àwọn kan máa da oògùn olóró sí oúnjẹ tí ọmọ yóò jẹ. Ewu ńlá ni. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fi òfin de títa dichlorvos nínú ìgò kékeré. Ọ̀nà tí kò léwu wà: àpò oníṣẹ́po mẹ́ta, náílọ̀n méjì nínú àpò kan, tí a mọ̀ sí PICS. Láti ọdún 2007 ni iṣẹ́ àkànṣe kan tí Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà darí ti polongo rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kí ẹ̀wà gbẹ dáadáa, kí á di ẹnu náílọ̀n kọ̀ọ̀kan pinpin. Kòkòrò inú rẹ̀ yóò mí títí afẹ́fẹ́ yóò fi tán mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò sì kú láìsí oògùn kankan.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n kí ó tó dàgbà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ni ó fi ń kó oúnjẹ wálé. Kí á má ṣe dúró de ìgbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ kí á tó máa wá àká.