Bí kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan láti Ìbàdàn ṣe di ohun ìwádìí fún gbogbo ayé

Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé bá wú ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Ẹmùré, ṣẹ́gẹdẹ ni ìyá rẹ̀ máa kọ́kọ́ fura sí, lọ́pọ̀ ìgbà ìyá náà á sì jàre. Ṣùgbọ́n ṣẹ́gẹdẹ kì í mi eyín. Bí eyín ọmọ bá ń mì, tí ojú ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ń yọ síta, tí wíwú náà sì ń ga sí i lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn ńlá. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní Burkitt, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yára dàgbà jù lọ lára ènìyàn.

Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní Ùgáńdà, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958. Ó wakọ̀ káàkiri ìlà-oòrùn Áfíríkà ní 1961, ó sì rí i pé ibi tí ooru àti òjò wà ni àìsàn náà fìdí kalẹ̀ sí, níbi tí ibà kò ti í dá ọmọdé sí. Ẹni tó bá mọ igbó kòkó gúúsù Èkìtì mọ irú ilẹ̀ tó ń sọ. Ní 1964, Anthony Epstein, Bert Achong àti Yvonne Barr rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Lọ́ńdọ̀nù ni ìwé sábà máa ń gbé ògo rẹ̀ fún. Èmi rò pé Ìbàdàn ni apá tó jinlẹ̀ jù nínú ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀.

Abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni Èkìtì wà nígbà náà, UCH, ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1957, sì ni àìsàn tó bá le máa ń forí tì sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n R. J. V. Pulvertaft, tó wá láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà níbẹ̀ ní 1963. Ó gba ègé kókó láti eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè, lápá òsì, lára ọmọkùnrin ọmọ ọdún 11, ó sì kó sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sínú omi oúnjẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò kú. Wọn kì í lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìgò. Wọ́n ń léfòó, wọ́n ń ṣù jọ, wọ́n ń pín. Títí di ìgbà yẹn, kò tíì sí ẹni tó rí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mú dúró láàyè láìlópin. Raji ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ wa, ó sì wà láàyè di òní.

Bí a bá fi maikirosíkóòpù wo kókó Burkitt, ó dà bí ojú ọ̀run alẹ́: sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ṣú dúdú, àwọn ojú funfun wà káàkiri. Àwọn ojú funfun yẹn ni sẹ́ẹ̀lì ara tó ń jẹ òkú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ.

Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ní UCH, ló fi ojú inú wo ọ̀ràn náà. Oògùn cyclophosphamide díẹ̀ ló ń fún àwọn ọmọ, síbẹ̀ àwọn kan nínú wọn sàn, àìsàn náà kò sì padà. Oògùn tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè dá gbogbo rẹ̀ pa. Ní 1967, ó kọ ọ́ sínú British Medical Journal pé ara ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń bá jẹjẹrẹ náà jà. Ní 1972, wọ́n fi í kún àwọn tó gba ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé ìwé wa mọ orúkọ rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ní 1982 ni ìdí tí sẹ́ẹ̀lì náà fi ń pín láìsinmi hàn. Àbùdá kan wà, MYC, tó ń pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì pín. Lára tó dá, àṣẹ náà á wá, á sì dákẹ́. Nínú Burkitt, ègé krómósómù 8 máa ń já, á lọ lẹ̀ mọ́ 14, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe èròjà agbógunti-àrùn tọ̀sán-tòru, ni àṣẹ kò bá dákẹ́ mọ́. Ibà tó ń mú ọmọ lemọ́lemọ́ ń jẹ́ kí irú sẹ́ẹ̀lì yìí pọ̀, ó sì ń dá kún jíjá yẹn.

Raji, sẹ́ẹ̀lì Ìbàdàn yẹn, ní àmì CD19 àti CD20 lójú ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe oògùn tó ń gbé ara dìde sí jẹjẹrẹ fi ń dán iṣẹ́ wọn wò lára rẹ̀. Rituximab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1997, CD20 ló ń dì mú. Sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun ara, tí wọ́n kọ́ láti mọ CD19, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2017, Raji ni wọ́n sábà máa ń kó síwájú irú rẹ̀ ní yàrá ìwádìí láti wò ó bóyá ó lè pa á.

Ní 2020, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé tí Burkitt àti irú rẹ̀ ti wọ̀ lára fi hàn pé, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 94 nínú 100 tí wọ́n fi rituximab kún oògùn wọn ló ṣì wà láàyè láìsí pé àìsàn náà padà. 82 ni ti àwọn tí kò gbà á. Lọ́dọ̀ wa, àpò òbí ni owó rẹ̀ sábà máa ń ti jáde, ọ̀pọ̀ kò sì lè san án. Cyclophosphamide tí Ngu lò ni wọ́n ṣì ń fà sí àwọn ọmọ lára.