Fọ́tò àríyá àwọn ọ̀dọ́ Bamako

Fọ́tò àríyá àwọn ọ̀dọ́ Bamako ni àkójọ àwọn àwòrán dúdú-àti-funfun tí Malick Sidibé yà ní olú-ìlú orílẹ̀-èdè Málì láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 títí dé àárín àwọn ọdún 1970. Àwọn tó wà nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tó dá ẹgbẹ́ ara wọn sílẹ̀, tó ń fi owó ara wọn ra àwo orin, tó sì ń ṣe àríyá nínú àgbàlá ilé láìsí oníṣòwò tàbí ìjọba tó bá wọn ṣètò rẹ̀. A kò ya àwọn fọ́tò náà nítorí ilé ìṣàfihàn kankan. Àwọn tó jó ní alẹ́ Sátidé ni wọ́n ń wá rà wọ́n lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n lè fi rántí alẹ́ náà. Àwọn fọ́tò kan náà ti wà lára èyí tí ayé mọ̀ jù lọ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà báyìí.

Onífọ́tò náà

A bí Malick Sidibé ní ọdún 1935 tàbí 1936 ní abúlé Soloba, ní gúúsù Málì, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ náà. Fúlàní ni ìdílé rẹ̀. Àwòrán ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n yà ní ilé ìwé ni ó gbé e dé Bamako, níbi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ṣíṣe ohun ọ̀ṣọ́ wúrà àti fàdákà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà. Ní ọdún 1955, Gérard Guillat, ọmọ Faransé kan tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò, pè é pé kí ó wá ṣe ọ̀ṣọ́ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Kò pẹ́ tí ó fi di ọmọ iṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá ń lọ sí òde àwọn òyìnbó, ọmọ iṣẹ́ sì ń lọ sí òde àwọn ọmọ ilẹ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀gá kò kà sí ni ó padà sọ ọmọ iṣẹ́ di olókìkí. Ní ọdún 1956, Sidibé ra kámẹ́rà tirẹ̀ àkọ́kọ́, Brownie Flash. Nígbà tó yá, ó ṣí Studio Malick ní àdúgbò Bagadadji, níbi tí ó ti ń ya fọ́tò, tí ó sì tún ń bá àwọn ènìyàn tún kámẹ́rà tó bàjẹ́ ṣe. Ó kú ní Bamako ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, ọdún 2016.

Àwọn ẹgbẹ́ àti orin wọn

Málì gba òmìnira ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1960. Ní àkókò kan náà ni ijó twist, orin rọ́ọ̀kì, orin àwọn ọ̀dọ́ Faransé àti orin Kúbà ń wọ Bamako. Orin James Brown tẹ̀lé wọn. Boubacar Traoré, ọmọ Málì tó ń ta gìtá, kọ orin tirẹ̀ tó pè ní "Mali Twist", tí rédíò orílẹ̀-èdè náà gbé sáfẹ́fẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ òmìnira. Èyí fi hàn pé àwọn ọmọ ilẹ̀ náà kò fi orin náà sílẹ̀ fún àlejò.

Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń kóra jọ sí ojúlé kan láti mu tíì ni wọ́n ń di ẹgbẹ́. Wọn a sọ ẹgbẹ́ wọn lórúkọ, ó sì sábà máa ń jẹ́ orúkọ olórin tàbí orúkọ tó dùn létí: Happy Boys, Chats Sauvages, Beatles. Wọn a dá owó jọ, wọn a wá ẹ̀rọ tó ń lu àwo, wọn a sì yan àgbàlá tí àwọn òbí kò ní dí wọn lọ́wọ́. Ẹni tó ní àwo orin tuntun ní iyì ju ẹni tó lówó lọ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní aṣọ kan náà tí télọ̀ rán fún wọn, ohun tí yóò yé ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ẹgbẹ́jọdá rí. Manthia Diawara, ọ̀mọ̀wé ọmọ Málì tó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì New York, wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Àwọn Rockers ni wọ́n ń pe ara wọn.

Sidibé sọ léraléra pé ohun tí orin yìí ṣe ju ijó lọ. Ní àwùjọ tí ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin kò ti lè fara kan ara wọn ní gbangba, orin náà jẹ́ kí wọ́n lè di ọwọ́ ara wọn mú láìsí ẹ̀sùn. Àwọn ọmọbìnrin kan a máa ró ìró lé síkẹ́ẹ̀tì kékeré kí wọ́n tó kúrò nílé, wọn a sì tú ìró náà nígbà tí wọ́n bá dé ibi àríyá.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Wọ́n máa ń pe Sidibé sílẹ̀ ṣáájú. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ ṣe àríyá ní Sátidé yóò ti wá sí Bagadadji láàárín ọ̀sẹ̀ láti fún un ní ìwé ìpè, nítorí àríyá tí onífọ́tò kò bá dé kò tíì pé lójú wọn. Ó lè lọ sí àríyá mẹ́rin ní alẹ́ kan ṣoṣo. Bí ó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, yóò tan iná kámẹ́rà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti fi kéde ara rẹ̀, ariwo ayọ̀ yóò sì sọ. Kámẹ́rà kékeré tó fúyẹ́ ni ó ń mú lọ sí irú ibẹ̀, ó sì fi èyí tó tóbi sílẹ̀ fún iṣẹ́ inú ilé. Èyí jẹ́ kí ó lè wọ àárín àwọn tó ń jó, kí ó lóṣòó, kí ó sì ya ẹsẹ̀ àti ojú pọ̀.

Kì í sùn nígbà tó bá padà délé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò ti fọ fíìmù. Yóò tẹ àwọn fọ́tò náà ní kékeré, yóò lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí aláwọ̀, yóò sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ àti ọjọ́ àríyá sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, wọn a gbé àwọn páálí náà síta kí àwọn ọ̀dọ́ lè wá wo ara wọn. Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó mọ ijó jó, wọn a sì yan èyí tí wọ́n fẹ́ kó tẹ̀ ní ńlá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wá wò ni ó ń rà.

Ètò yìí kò ní ṣàjèjì sí òǹkàwé ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti Èkó dé Àkúrẹ́, láti Ìbàdàn dé Ìdànrè, àwọn onífọ́tò òde ìnáwó ń ya àlejò nínú ijó, wọ́n sì ń tẹ́ fọ́tò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí òde tó tú ká. Ẹni tó bá rí ara rẹ̀ ni yóò san owó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Sidibé kì í jù nẹ́gẹ́tíìfù nù. Ó tọ́jú wọn sínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn páálí tó kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí sì wà pẹ̀lú wọn.

Ohun mìíràn tún yàtọ̀. Stephen Sprague, tó kọ àròkọ olókìkí kan ní ọdún 1978 nípa fọ́tò láàárín àwọn Yorùbá, ṣàpèjúwe bí àgbàlagbà ṣe máa ń jókòó fún fọ́tò: yóò kọjú sí kámẹ́rà, yóò la ẹsẹ̀, yóò gbé ọwọ́ lé orókún, ara rẹ̀ yóò sì hàn látòkè délẹ̀. Ìdúró iyì nìyẹn, tó ń sọ ipò ẹni láwùjọ. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ kún inú ilé iṣẹ́ Sidibé náà. Ní ibi àríyá, ẹni tí a ń yà kò sí lójú kan. Orókún rẹ̀ tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, òógùn ń dán níwájú orí rẹ̀. Iyì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó mọ nǹkan ṣe, kì í ṣe ti ipò.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni "Nuit de Noël", tí ó yà ní alẹ́ Kérésìmesì ọdún 1963. Ọ̀dọ́kùnrin kan àti ọ̀dọ́bìnrin kan ń jó ní ìta gbangba, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, àwọn méjèèjì sì ń wo ẹsẹ̀ wọn. Ọmọbìnrin náà kò wọ bàtà. Àwọn tó bá kọ́kọ́ rí i máa ń rò pé olólùfẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n Sidibé ṣàlàyé pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Etí Odò Ọya

Ní Bamako, láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ni ooru máa ń mú jù lọ nínú ọdún, kí òjò tó dé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ẹgbẹ́ a kó oúnjẹ àti ẹ̀rọ àwo orin tó ń lo bátìrì lọ sí etí Odò Ọya, Sidibé a sì tẹ̀ lé wọn. Nínú àwọn fọ́tò ibẹ̀, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń jó lórí iyanrìn, wọ́n sì ń gbé àwo orin dání bí ẹni gbé ọmọ. "Pique-nique à la Chaussée" ti ọdún 1972 àti "Combat des amis avec pierres" ti ọdún 1976, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ ti gbé òkúta bí ẹni fẹ́ jà, jẹ́ ara wọn. Àwọn fọ́tò etí odò ni ìdùnnú ti hàn gbangba jù, bóyá nítorí pé ibẹ̀ jìnnà sí ojú àwọn òbí.

Ìjọba àti àwọn ọ̀dọ́

Kò sí ìgbà tí àríyá yìí bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ìjọba Modibo Keïta, ààrẹ àkọ́kọ́, tẹ̀ lé ìlànà sóṣálísíìmù, ó sì ń retí pé kí àwọn ọ̀dọ́ fi agbára wọn kọ́ orílẹ̀-èdè tuntun. Lójú àwọn aláṣẹ, síkẹ́ẹ̀tì kékeré àti ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbòòrò jẹ́ àṣẹ́kù ìjọba amúnisìn. Láti ọdún 1967, nígbà tí Keïta kéde ìgbésẹ̀ ìyípadà tuntun, agbára àwọn ẹ̀ṣọ́ aráàlú tó ń rìn kiri lóru pọ̀ sí i. Wọ́n ń lé àwọn ọ̀dọ́ kúrò níta, wọ́n sì ń fìyà jẹ àwọn tí aṣọ wọn kò bá wù wọ́n. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá, ọdún 1968, àwọn ológun lábẹ́ Moussa Traoré gba ìjọba.

A kò rí ẹ̀ṣọ́ kankan nínú àwọn fọ́tò olókìkí náà. Ó yẹ kí òǹwòran fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ohun tí àwọn tó ń ra fọ́tò fẹ́ rántí nìkan ni ó wà níbẹ̀. Nínú àròkọ rẹ̀ lórí Sidibé àti James Brown, Diawara tako àwọn tó pe àwọn ọ̀dọ́ náà ní aláfarawé òyìnbó. Ó ní ohun tí wọ́n gbọ́ nínú orin náà ni ohùn àwọn aláwọ̀ dúdú ti òkè òkun, àti pé òmìnira tí wọ́n ń wá gbòòrò ju èyí tí ìjọba fẹ́ fún wọn lọ. Àlàyé yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí ó bá ohun tó hàn nínú àwọn fọ́tò mu.

Ìfiwéra pẹ̀lú pọ́ńkì

Ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1976, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ pọ́ńkì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, tí wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn tiwọn, tí wọ́n sì ń gbé àwo tiwọn jáde. Níbẹ̀ náà, ẹni inú ilé ni ó ya àwòrán tó wọni lára. Don Letts, ọmọ àwọn ará Jàmáíkà, ni ó ń yan àwo orin ní ilé ijó Roxy ní ọdún 1977. Kámẹ́rà kékeré tó mú dání níbẹ̀ ni ó fi ṣe fíìmù The Punk Rock Movie. Ní Washington, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ti dá ẹgbẹ́ Bad Brains sílẹ̀, àwọn ọmọ àwùjọ náà fúnra wọn ni wọ́n kó fọ́tò jọ sínú ìwé Banned in DC ní ọdún 1988.

Ìyàtọ̀ wà o. Àwọn pọ́ńkì ń lu ohun èlò tiwọn, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ Bamako ń jó sí orin inú àwo. Àwọn pọ́ńkì ń ya aṣọ wọn láti mú àgbà bínú, àwọn ti Bamako sì ń wọ kóòtù tí a lọ̀ dáadáa. Síbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì gbé dìde: ta ni ó ní àṣẹ láti sọ bí ọ̀dọ́ yóò ṣe lo alẹ́ Sátidé rẹ̀?

Bí àwọn fọ́tò náà ṣe dé òkèèrè

Sidibé dáwọ́ lílọ sí àríyá dúró ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ mèremère àti kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ti gbòde. Ní ọdún 1992, André Magnin, ọmọ Faransé tó ń wá ẹni tó ya àwọn fọ́tò kan tí kò ní orúkọ, dé Bamako. Sidibé ni ó mú un lọ bá ẹni náà, Seydou Keïta, àgbà nínú àwọn onífọ́tò ìlú náà. Nípa bẹ́ẹ̀ ni Magnin ṣe rí àpótí Sidibé fúnra rẹ̀. Wọ́n ṣàfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní Fondation Cartier ní Paris ní ọdún 1995. Ó gba ẹ̀bùn Hasselblad ní ọdún 2003, àti ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ti Venice ní ọdún 2007, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á fún iṣẹ́ gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀.

Fọ́tò tó ti kéré tó àtẹ́lẹwọ́ wá di ńlá lára ògiri, ẹni tó ń jó nínú rẹ̀ sì di ẹni tí kò lórúkọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dunni nìyí, nítorí pé ní Bagadadji, gbogbo ẹni tó wá wo páálí ni ó mọ àwọn tó wà níbẹ̀. Àwọn orúkọ ẹgbẹ́ àti ọjọ́ tí Sidibé kọ ni ó ṣì ń ran àwọn olùwádìí lọ́wọ́. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ pọ̀ ní Bamako ti ń da nẹ́gẹ́tíìfù onífọ́tò márùn-ún ti Málì kọ sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n má bàa ṣègbé. Sidibé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òmíràn ni Tijani Àdìgún Sitou, ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà, tó ṣí ilé iṣẹ́ fọ́tò Gangal sí ìlú Mopti, tí ó sì ya àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ nínú aṣọ ìgbàlódé wọn.